Àrùn Lyme ní Amẹ́ríkà: kí ló dé tí iye tí wọ́n ń pè kì í bára mu?

Bí ẹ bá ń gbé ní Maryland, New Jersey, Pennsylvania tàbí New York, ó ṣòro kí ìgbà ooru dé kí ẹ má gbọ́ nípa àrùn Lyme, èyí tí eégbọn ń kó ran ènìyàn. Ẹ ó sì ti ṣàkíyèsí pé iye àwọn tí wọ́n ní ó ń mú kì í bára mu. Àjọ CDC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn ní Amẹ́ríkà, ní iye tí àwọn ìpínlẹ̀ fi tó òun létí ní 2023 lé ní 89,000. Àjọ yìí kan náà ló tún sọ pé nǹkan bí 476,000 ènìyàn ni àwọn dókítà ń tọ́jú fún àrùn náà lọ́dún kọ̀ọ̀kan láàrin 2010 sí 2018. Ẹlòmíràn á tún ní bí ẹ bá mú eégbọn méjì nínú igbó, ọ̀kan ti ní kòkòrò rẹ̀ nínú. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ohun tí wọ́n kà ló yàtọ̀: ẹnì kan ka ìwé tó dé ọ́fíìsì ìjọba, ẹnì kan ka àwọn tó gba oògùn, ẹnì kan ka eégbọn. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ á máa bẹ̀rù níbi tí kò yẹ, á sì fọkàn balẹ̀ níbi tó yẹ kó ti tètè lọ bá dókítà.

Iye tó wà lára eégbọn

Kì í ṣe eégbọn tí à ń já kúrò létí ajá nílé ló ń gbé kòkòrò yìí. Eégbọn mìíràn ni, eégbọn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú, tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Ixodes scapularis. Ìlú Lyme ní Connecticut ni àrùn náà ti gba orúkọ, torí agbègbè ibẹ̀ ni oríkèé àwọn ọmọdé ti ń wú ṣáá ní àárín àwọn ọdún 1970. Ní 1981 ni Willy Burgdorfer rí kòkòrò tó ń fà á nínú ikùn eégbọn tí wọ́n kó láti Shelter Island ní New York, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ ní Borrelia burgdorferi.

Nǹkan bí ọdún méjì ni eégbọn yìí ń lò láyé, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, kò sì tíì ní kòkòrò Lyme nínú. Ara àwọn ẹranko kéékèèké, pàápàá eku ẹlẹ́sẹ̀ funfun, ló ti ń kó o nígbà àkọ́kọ́ tó bá mu ẹ̀jẹ̀. Á wá bọ́ awọ, á di eégbọn kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí kò tó mílímítà méjì. Ẹ̀jẹ̀ kejì tó máa mu, ó lè jẹ́ ti ènìyàn. Nígbà tó bá fi máa mu ìkẹta, ó ti dàgbà, ó ti tó hóró yànmọ̀tí, àgbọ̀nrín ló sì sábà máa ń lẹ̀ mọ́. Àgbọ̀nrín kì í kó kòkòrò Lyme ran eégbọn o. Oúnjẹ ló ń fún un kó lè yé ẹyin. Àgbọ̀nrín ló ń sọ eégbọn di púpọ̀, eku ló ń sọ ọ́ di eléwu.

Ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, nínú 100 eégbọn tó ti dàgbà, nǹkan bí 50 ló ń ní kòkòrò náà ní ọ̀pọ̀ ibi. Nínú 100 eégbọn kékeré, nǹkan bí 20 ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "ọ̀kan nínú méjì" tí àwọn ènìyàn ń tún sọ kiri, eégbọn àgbà ló ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, eégbọn kékeré ló ń kó àrùn náà ran ènìyàn jù, torí ojú kì í tètè rí i, oṣù karùn-ún sí ìkeje ló sì ń jáde jù, nígbà tí gbogbo ayé ti wọ ṣòkòtò péńpé.

Pé kòkòrò wà nínú eégbọn kò sì sọ pé ó ti dé ara yín. Inú ikùn eégbọn ni kòkòrò náà ń gbé. Ìgbà tí eégbọn bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni kòkòrò tó máa rìn lọ síbi tí itọ́ rẹ̀ wà, kó tó lè gba ẹnu rẹ̀ wọ ara ènìyàn. Ó sábà máa ń ju wákàtí 24 lọ. Èyí tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́sàn-án, tí ẹ yọ nígbà tí ẹ ń wẹ̀ lálẹ́, kò sábà rí nǹkan kan ṣe. Ìwádìí kan tó jáde ní 2001 jẹ́ kí èyí yéni. Ní Westchester, ní New York, níbi tí àrùn náà ti gbilẹ̀ gan-an, wọ́n ṣọ́ àwọn tí eégbọn yìí jẹ. Nínú 247 tí wọn kò fún ní ojúlówó oògùn, 8 péré ni àmì àrùn náà yọ sára wọn, ìyẹn nǹkan bí 3 nínú 100. Nínú 235 tó lo doxycycline, oògùn apakòkòrò, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnì kan péré ni.

Iye tó wà nínú ìwé ìjọba

Láti 1991 ni Lyme ti wà lára àwọn àrùn tí àwọn ìpínlẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà ń fi tó CDC létí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé láàbù á fi èsì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìlera, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á wá máa pe dókítà aláìsàn láti bi í: ṣé ara ẹni yìí sú, ṣé orúnkún rẹ̀ wú, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Bí dókítà kò bá dáhùn, wọn kò ní lè ka aláìsàn náà bó ṣe yẹ. Níbi tí èsì ti ń wọlé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iṣẹ́ yìí ju agbára òṣìṣẹ́ lọ.

Ní 2022, ìlànà náà yí padà. Ní àwọn ibi tí àrùn yìí ti wọ́pọ̀ jù, ìyẹn ìpínlẹ̀ 15 àti Washington DC, èsì láàbù nìkan ti tó láti ka ènìyàn mọ́ ọn. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni pe dókítà mọ́. Iye tó ń wọlé lọ́dún, tó jẹ́ nǹkan bí 37,000 láàrin 2017 sí 2019, bá fò dé nǹkan bí 63,000 lọ́dún 2022 náà. Kì í ṣe pé eégbọn ṣàdédé pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà ló yàtọ̀, CDC fúnra rẹ̀ ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí ẹnì kan fi 2019 wé 2023, tó ń pariwo pé àrùn ti gba ìlú, tí kò sì mẹ́nu ba ìyípadà yìí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Maryland, New Jersey, Virginia àti New York wà lára àwọn 15 yẹn. Texas àti Georgia, tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, kò sí níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń béèrè àmì àìsàn kí wọ́n tó kà á. Ẹni tó bá fi iye Maryland wé ti Texas, òṣùwọ̀n méjì ló ń lò. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni ti Massachusetts. Ní 2016, ìpínlẹ̀ yẹn fi pípe dókítà sílẹ̀, ó gbára lé èsì láàbù, èyí kò sì bá ìlànà CDC ti ìgbà náà mu. Fún ọdún bíi mélòó kan, iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lórí àwòrán ilẹ̀ CDC. Ẹni tó wo àwòrán yẹn nìkan á rò pé Massachusetts ti bọ́ lọ́wọ́ Lyme, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ọdún kan tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí dókítà bá rí àmì Lyme tó máa ń fẹ̀ lójú awọ lára ẹni tó ń gbé níbi tí eégbọn yìí pọ̀ sí, kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fa ẹ̀jẹ̀. Kó kọ oògùn ni. Àmọ́ ẹni tí wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èsì láàbù, ìlànà tuntun yìí kò sì ní kà á ní àwọn ìpínlẹ̀ yẹn. Ẹni tí wọ́n tọ́jú dáadáa jù ló wá bọ́ sẹ́yìn ìwé. Bákan náà, ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe ibi tí eégbọn ti jẹ ẹ́. Ará Brooklyn tó lọ ṣeré nínú igbó Catskills, Brooklyn ni wọ́n máa kà á mọ́.

Ní ti 476,000, ìwé ìnṣọ́ránsì ni wọ́n ti fà á yọ: iye àwọn tí dókítà kọ Lyme sí fáìlì wọn, tí wọ́n sì gba oògùn rẹ̀. Ó kó àwọn tí ìjọba kò gbọ́ nípa wọn mọ́ra, èyí dára. Ó sì tún kó àwọn tí dókítà kàn fura sí, tó ní kí wọ́n lo oògùn fún ìfọ̀kànbalẹ̀. Tiwa ni pé ó sàn láti gba èyí gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n iṣẹ́ tí àrùn náà ń kó bá ilé ìwòsàn, kí a má gbà á bí iye ara tí kòkòrò wọ̀.

Iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún àwọn ènìyàn jù, torí èsì tiwọn ni wọ́n mú lọ́wọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà ń ṣe fún Lyme kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Sójà tí ara gbé dìde láti bá a jà ló ń wá. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí sójà yìí tó pọ̀ débi tí láàbù á rí i. Ẹni tí àmì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára rẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n ní kò sí nǹkan, kó sì ní i. Ní ìdàkejì, sójà yìí kì í tètè tú ká. Ẹni tó lo oògùn tó sì sàn pátápátá, wọ́n ṣì lè bá a lára rẹ̀ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún púpọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi wúlò láti padà lọ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti tán. Ìdí kan náà ni iye tó ń jáde, nígbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ará àdúgbò kan wò, fi máa ń ga: wọ́n ń ka gbogbo ẹni tó ti bá kòkòrò náà pàdé rí, títí kan àwọn tí kò ṣàìsàn rárá.

Ìpele méjì ni àyẹ̀wò náà. Bí ìpele kìíní bá ní kò sí, ó parí síbẹ̀. Bó bá ní ó wà, tàbí tí kò dájú, wọ́n á ṣe ìkejì, èyí tó sábà máa ń jẹ́ Western blot: ìwé tó ní ìlà-ìlà, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ní apá tí wọ́n kọ IgG sí, ìyẹn oríṣi sójà tó ń pẹ́ kó tó dé, ó kéré tán ìlà 5 nínú 10 gbọ́dọ̀ hàn. Ní apá IgM, oríṣi sójà tó ń kọ́kọ́ dé, 2 nínú 3. Àwọn ènìyàn ń rí ìlà kan ṣoṣo tó hàn lórí èsì wọn, orí wọn á dàrú. Ìlà 41 ló sábà máa ń fa èyí. Ohun tó ń fi hàn jọ ara ìrù tí ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn fi ń lúwẹ̀ẹ́, títí kan àwọn tó ń gbé ẹnu wa láìṣe wá ní ibi. Ìlà 41 nìkan kò túmọ̀ sí nǹkan kan. IgM sì rèé, oṣù kìíní àìsàn nìkan ló wúlò fún. Ẹni tó ti ń ṣàìsàn fún oṣù mẹ́fà, tí IgM nìkan wà lórí èsì rẹ̀ tí IgG kò sì sí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe é.

Bí àrùn ṣe wọ́pọ̀ tó níbi tí ẹ ń gbé ló ń sọ bí èsì yín ṣe ṣeé gbára lé tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ńbà inú rẹ̀. Ká ní àyẹ̀wò kan ń ṣi ẹnì 1 mú nínú gbogbo 100 tí kò ní àrùn náà. Ní Houston, níbi tí eégbọn tó ní kòkòrò yìí ti ṣọ̀wọ́n, ènìyàn 1,000 tó kàn ń rẹ̀ wọn lọ ṣe é, ẹnì kan péré nínú wọn ló sì ní Lyme lóòótọ́. Àyẹ̀wò á mú ẹni yẹn, á tún ṣi nǹkan bí 10 mú. Nínú ẹni 11 tí wọ́n sọ fún pé ó wà, 10 ni kò ní i. Ẹ gbé àyẹ̀wò kan náà lọ sí Maryland lóṣù keje, kí ẹ ṣe é fún 1,000 tí orúnkún wọn wú, tí ilé wọn sì fẹ̀gbẹ́ kan igbó. Ká ní 200 nínú wọn ló ní i. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti wú ti ní sójà rẹpẹtẹ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà àyẹ̀wò á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú gbogbo wọn tán, á sì ṣi nǹkan bí 8 mú nínú 800 tó kù. Nínú 208, 200 ni òótọ́. Láàbù kan náà ni o, ẹ̀rọ kan náà. Dókítà tó ń béèrè ibi tí ẹ ti lọ kó tó buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò kò ṣe àfojúdi sí yín; ìdáhùn yín ló máa jẹ́ kó mọ bó ṣe máa ka èsì yẹn.

Awọ dúdú àti àwọn tí ìṣirò ń fò dá

Nínú ẹni 100 tí Lyme mú, nǹkan bí 70 sí 80 ni àmì kan máa ń yọ sára wọn láàrin ọjọ́ 3 sí 30 lẹ́yìn tí eégbọn jẹ wọ́n. Àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn ni ti roboto pupa tí àárín rẹ̀ mọ́, lára òyìnbó. Àwòrán yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Lára òyìnbó pàápàá, ọ̀pọ̀ àmì yìí kì í ní àárín tó mọ́. Àwọ̀ kan náà ló máa ń jẹ́ káàkiri. Lára awọ dúdú, ó lè má pupa rárá: ó lè jọ ibi tí ẹnì kan fi ara gbá, kó dúdú sí i, kó ní àwọ̀ búráùn tàbí àwọ̀ àlùkò. Ẹ fi ọwọ́ kàn án, ó lè gbóná ju awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í sábà dunni, kì í sì í sábà yúnni. Abẹ́ apá, ẹ̀yìn orúnkún, àárín itan, ìbàdí, ẹ̀yìn etí àti ìdí irun ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá di irun, ẹ ya ojú ìpín rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fífẹ̀ ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ fi báírò yípo etí rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bó bá ti kọjá ìlà báírò lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ bá dókítà. Èyí tó wú kékeré láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì tí eégbọn jẹ yín, tó ń yúnni tí kò sì fẹ̀ sí i, ìbínú awọ lásán ni.

Ìwádìí lórí àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú kéré nínú ìwé Lyme, àti pé àwọn tó wà níbẹ̀ sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí àrùn ti wọ oríkèé tàbí iṣan ìmọ̀lára, dípò ìgbà tó ṣì wà lójú awọ. Lára ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ń gbé àárín ìlú ńlá, wọn kì í sábà bá eégbọn pàdé. Ṣùgbọ́n bí ìyẹn bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, kò yẹ kí àwọn tó ní i máa pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Àmì tí ẹnikẹ́ni kò rí ni. Èyí ń dùn wá gidigidi, torí àrùn tí oògùn ọjọ́ 10 lè lé lọ ń di orúnkún wíwú, ìdajì ojú tó rọ, tàbí ọkàn tí kò lù déédéé mọ́.

Bí ẹ bá bá eégbọn lára

Ẹ lo ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu tín-ín-rín. Ẹ fi mú un níbi tó sún mọ́ awọ jù lọ, kì í ṣe níkùn tó ti wú, kí ẹ sì fà á sókè ṣinṣin láìyí i. Ẹ má fi kẹrosíìnì, faselíìnì tàbí iná lé e. Ṣe ló lè pọ itọ́ rẹ̀ sínú ojú ibẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá kù sínú awọ, ẹ fi sílẹ̀, awọ á tì í jáde. Ẹ fi ọṣẹ tàbí ọtí ìfọgbẹ́ fọ ibẹ̀, ẹ lẹ eégbọn náà mọ́ sẹ́lótéèpù, ẹ kọ ọjọ́ sí i.

Ìdí tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì ni pé bó bá jẹ́ eégbọn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú, tó ti lẹ̀ mọ́ yín tó wákàtí 36, ní ibi tí Lyme ti wọ́pọ̀, dókítà lè fún àgbàlagbà ní doxycycline 200 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi dènà rẹ̀. Láàrin wákàtí 72 tí ẹ yọ eégbọn náà nìkan ni. Bí àmì bá ti yọ, ìtọ́jú yàtọ̀: 100 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 10 ni wọ́n sábà máa ń kọ fún àgbàlagbà, tàbí amoxicillin fún ẹni tí kò lè lo doxycycline. Aláboyún gbọ́dọ̀ sọ pé òun lóyún kí wọ́n tó kọ èyíkéyìí. Bí ẹ bá dé láti inú igbó, ẹ da aṣọ gbígbẹ sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, kó gbóná dáadáa fún ìṣẹ́jú 10. Eégbọn á kú. Fífọ̀ nínú omi tútù kì í pa á.

Nígbà tí ibà bá dà bí màláríà

Eégbọn kan náà ń gbé kòkòrò mìíràn tó kan àwọn tó ń lọ sílé tó ń bọ̀. Babesia ni. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, bíi ti màláríà, ó sì ń dá òrùka sínú rẹ̀ bíi tirẹ̀. Ibà, òtútù, òógùn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dín kù: gbogbo rẹ̀ ló jọra. Erékùṣù Nantucket ní Massachusetts ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí oríṣi tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà lára ènìyàn ní 1969. Ní 2023, CDC ka Maine, New Hampshire àti Vermont kún àwọn ibi tó ti fìdí múlẹ̀. Ó burú púpọ̀ fún arúgbó àti fún ẹni tí wọ́n ti yọ spleen rẹ̀, ẹ̀yà inú tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, tó ń gbé ní Long Island, tí ibà mú lóṣù keje, láàbù lè wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó kọ màláríà. Ojú tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń rí ìyàtọ̀: Babesia kì í ní ẹ̀gbin àwọ̀ búráùn tí màláríà máa ń fi sínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì máa ń dá àgbélébùú kékeré nígbà mìíràn. Atovaquone pẹ̀lú azithromycin ni wọ́n sábà fi ń wò ó, kì í ṣe oògùn ibà tí a ń rà nílé.

Ó sì lè jẹ́ ní Nàìjíríà ni eégbọn ti jẹ ẹni náà. Eégbọn tó ń gbé Lyme ní Amẹ́ríkà kò sí ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n eégbọn màlúù ilẹ̀ wa, Amblyomma variegatum, ní àrùn tirẹ̀ tó ń gbé. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì Dugbe ní Ìbàdàn ní 1964, èyí tí wọ́n fi orúkọ Dùgbẹ̀ sọ. Òun náà ló ń gbé Rickettsia africae, tó ń fa ibà, orí fífọ́ àti egbò tó ní èèpá dúdú níbi tí eégbọn ti jẹni. Doxycycline ń wò ó. Nílé, ibà tó bá mú ẹni tó ń da màlúù, màláríà tàbí taifọ́ọ̀dù ni wọ́n sábà máa ń pè é, nítorí náà pé kò sí nínú ìwé kò fi hàn pé kò sí nínú ara.

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà bọ̀ tí ibà mú, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí màláríà kì í fúnni láyè. Kó sọ ìlú tó lọ, kó sọ bóyá ó sún mọ́ màlúù, kó sì sọ bóyá ó wọ igbó tàbí ó gé koríko ní Amẹ́ríkà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn. Kó wá ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ òun fún màláríà àti Babesia papọ̀.